Ọwọ́ Jacob Lórí Ọ̀nà Ọkọ̀ Òkun

Àìlèdákẹ́ ni àrùn tó ń ṣe Jacob Ọládòṣù. Ẹ má rò pé aláròká ni mo ń wí o. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Kò jẹ́ dúró kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀ tán.

Ayé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni, nígbà tí rélùwéè ti ń gba Ẹdẹ kọjá fún bí ogún ọdún. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ni Jacob àti Babátúndé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ kọ́ bí a ṣe ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ sínú wáyà, ìró kúkúrú, ìró gígùn, títí yóò fi di gbólóhùn. Nígbà tó yá, Babátúndé gba iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì nínú ọkọ̀ òkun, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ láìsí wáyà. Jacob dúró sílé ní tirẹ̀. Ó ra bátìrì, ó wé wáyà bàbà, ó fa okùn kan gun orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, ó sì to irú ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì náà jọ fún fàájì.

Fàájì ò burú, ṣùgbọ́n òfin wà. Ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ ní ẹ̀rọ náà gba ìwé àṣẹ. Wọ́n pín ọ̀nà inú afẹ́fẹ́: ti àwọn tó ń fi ṣeré yàtọ̀, ti ọkọ̀ òkun yàtọ̀. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ tẹ́tí kó tó tẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ké fún ìrànlọ́wọ́, kí gbogbo ọwọ́ dákẹ́. Jacob ò gbàwé, kò sì tẹ́tí. Orí ọ̀nà ọkọ̀ òkun gan-an ló ti ń tẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí.

Nígbà tí Babátúndé wá kí ilé, ó kì í nílọ̀. "Jacob, mò ń gbọ́ ọ lórí omi. Mo mọ ọwọ́ rẹ bí mo ṣe mọ ìró ẹsẹ̀ ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kúrò lọ́nà wa. Ọjọ́ tí omi bá fẹ́ gbé wa, ọ̀nà yẹn nìkan la ní."

Jacob bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Òkun fẹ̀ tó báyẹn, ìka mi kan ṣoṣo ni yóò wá dí i?"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Babátúndé padà sẹ́nu iṣẹ́, Jacob padà sídìí ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Jacob ń tẹ àwàdà ránṣẹ́, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó. Lábẹ́ ìró tirẹ̀, ìró mìíràn ń dún, tín-ín-rín, bí ìgbà tí kòkòrò ń jẹ igi àjà. Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ògiri, gbọ́ ọ.

"Bàbá Fẹ́mi, ó mà jọ pé ẹnì kan ń pè."

"Ó fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Kó dúró dè mí!"

Ó tún tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tó gbọ́wọ́ kúrò, ìró kejì ti dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé òun ló borí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ dé sí Ẹdẹ, ó sì fi fìlà Babátúndé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Jacob jókòó níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá. Àpáta ló fọ́ ọkọ̀ wa. Ọmọ yín ń ké fún ìrànlọ́wọ́ títí omi fi mù ún dé àyà, ṣùgbọ́n aláwàdà kan dí ọ̀nà. Ọkọ̀ mìíràn wà nítòsí, kò gbọ́ wa. Babátúndé ní òun mọ ọwọ́ onítọ̀hún. A bi í léèrè orúkọ ẹni náà, ó kàn mi orí ni."

Ìyá náà yíjú sí Jacob pẹ̀lú omijé. "Jacob, ọmọ mi, ta ló lè ṣe irú èyí?"

Háà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Jacob dìde, ó gba ilé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀. Ọwọ́ Babátúndé ni, kò sí àní-àní: Ẹ gbà wá. Ẹ gbà wá. Jacob já bátìrì, síbẹ̀ ó ń dún. Ó fọ́ ẹ̀rọ náà túútúú, ó sin ín. Ìró náà bọ́ sára páànù òrùlé. Ó tún bọ́ sára ìdérí ìkòkò. Abọ́sẹ̀dé kò gbọ́ nǹkan kan ní tirẹ̀, ẹkún ló ń sun bó ṣe ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń gbẹ lọ. Nígbà tó yá, ìró náà bọ́ sínú irin ojú ọ̀nà rélùwéè.

Ìgbà náà ni Jacob kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí. Ó lọ dojú bolẹ̀ sẹ́bàá irin, ó gbé etí lé e, ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé rí i lókèèrè, ó ki eré mọ́lẹ̀.

"Bàbá Fẹ́mi! Ọkọ̀ ń bọ̀! Ẹ dìde o!"

Ọkọ̀ ojú irin fun fèrè, ó tún fun ún. Jacob ò gbé orí. Ọwọ́ òsì ló nà sí ìyàwó rẹ̀.

"Dákẹ́, Abọ́sẹ̀dé. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀."

Abọ́sẹ̀dé di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ̀mí yọ, ọwọ́ ọ̀tún kò yọ: ọkọ̀ gé e.

Jacob pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kùkùté apá rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹní, ìró kúkúrú, ìró gígùn. Wàyí, Abọ́sẹ̀dé ń gbọ́ ọ. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kí wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n ní "Ẹ gbà wá" ló ń wí, àti pé ọwọ́ Babátúndé ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Òfin tó dà bí ẹni pé ó fẹ́ ba fàájì wa jẹ́, ó lè jẹ́ òun ni ẹ̀mí ẹlòmíràn rọ̀ mọ́. Ọ̀nà tí gbogbo wa jọ ń gbà kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí a tó la ẹnu, kí a tó gbọ́wọ́ sókè, ká kọ́kọ́ tẹ́tí, bóyá ẹnì kan ń pè. Ẹni tí kò tẹ́tí nígbà tí etí lè gbani là, yóò tẹ́tí nígbà tí kò ní í wúlò mọ́.