Iná Etí Èbúté

"Ẹ paná o! Ìjì ń bọ̀ o!"

Akéde ń lu agogo, ó ń sáré kọjá létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ní èsí, ìjì gbé iná láti inú ààrò kan sórí òrùlé koríko, odindi àdúgbò ló jóná. Lónìí, gbogbo ààrò ló ti kú, àfi ti Ìyá Sàlímọ́nù tó ń yan ẹja létí èbúté.

"Ìyá Sàlímọ́nù, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Bàbá Akéde. Sàlímọ́nù wà lórí omi. Tójú ọ̀run bá ṣú báyìí, iná mi ló fi ń mọ èbúté. Kì í sì í ṣe òun nìkan, òun àti..."

"Ṣé nítorí ọmọ tiyín ni ìlú á ṣe jóná?"

Akéde gbé garawa omi, ó dà á sínú ààrò. Iná náà dún ṣìì, ó kú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilé kan ò jó. Bí àwọn ará àdúgbò ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akéde ni àwọn apẹja wọ́ ọkọ̀ Sàlímọ́nù dé láti inú irà tó jìnnà. Ó dojú dé, kò séèyàn nínú rẹ̀.

Akéde lọ bá ìyá náà nídìí ààrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ló bá a lọ?"

"Lùkúmàn yín ni."

"Lùkúmàn ọmọ tèmi? Ìkòròdú ló sùn!"

"Bọ̀lẹ̀kájà Ìkòròdú ò rìn lánàá. Ló bá tẹ̀lé Sàlímọ́nù. Mo fẹ́ sọ fún yín."

Agogo bọ́ lọ́wọ́ akéde. Ó kúnlẹ̀ síwájú ààrò, ó sì ń fẹnu fẹ́ eérú tútù náà.