Ère Tó Ń Retí Ìkíni

"Ẹ gbé igi yìí kúrò níwájú mi!" ni alága ìpàtẹ iṣẹ́-ọnà Ìlarò ń pariwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbá ère ìyá arúgbó tí wọ́n figi gbẹ́ náà lórí, kò dáhùn. "Ṣebí ẹ ní ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà!" Inú ti ń bí Toheebat tó ṣe é. "Kọ̀mpútà kékeré bíi páálí ìṣáná ló wà níkùn rẹ̀. Ẹni tó bá kí i bí ọmọ ṣe ń kí ìyá nìkan ló ń dá lóhùn. Ẹ dọ̀bálẹ̀."

"Èmi? Fún igi? Orí ẹ ti dàrú!"

Ó fìbínú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè já wáyà abẹ́ ère. Bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan ẹní tí Toheebat tẹ́ síbẹ̀, iná tàn lójú ère náà.

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé o ti wá rántí ilé?"

Ọwọ́ alága dúró lórí wáyà. Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún méje tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn gbẹ̀yìn.

"Màmá kan ní Ìdogo ló yá mi ní ohùn wọn," ni Toheebat wí. "Wọ́n ní àwọn ò kúkú rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nílé."

"Dìde, ọmọ mi," ni ère náà tún wí.

Alága ò lè dìde.