Ẹni Tí Ọ̀gá Rán Wá

"Mo ní kí ẹ lọ tò sẹ́yìn."

Nọ́ọ̀sì ò gbójú sókè. Ó ń gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó tún ń fi ọwọ́ kejì wá káàdì ọmọ tó kàn. Òun nìkan ni òṣìṣẹ́ tó wà nílé ìwòsàn kékeré náà ní Àrẹ̀mọ, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ti tò dé ẹnu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀gá ló rán mi sí yín," ni ọmọbìnrin kan tó gbé ọ̀rá dúdú dání wí.

Ojoojúmọ́ ni àwọn tí ò fẹ́ tò máa ń dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Inú bí nọ́ọ̀sì.

"Ọ̀gá tí mo ti ń bẹ̀ láti ọdún tó kọjá pé kó wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́? Èmi ni mò ń kọ káàdì, èmi ni mò ń gúnbẹ́rẹ́, èmi náà ni mò ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Ta ló bi mí pé báwo ni?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹnu ọ̀rá dúdú ọwọ́ rẹ̀. "Mà, ẹ wò ó…"

"Mi ò gba ẹ̀bùn. Ẹ jáde."

Ó jáde. Ìyá kan lórí ìlà ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹni yẹn ò tiẹ̀ gbé ọmọ dání."

Fóònù dún. Ọ̀gá ni.

"Nọ́ọ̀sì, Mutmainnah tí mo ní kó wá máa bá yín ṣiṣẹ́, ṣé ó ti dé?"

Nọ́ọ̀sì sáré dé géètì. Ọmọbìnrin náà ti wà nínú takisí Máíkírà tó ń gbéra, ó ń ká aṣọ nọ́ọ̀sì funfun padà sínú ọ̀rá. Kò wẹ̀yìn.