Orúkọ Tó Ṣíwájú

Dókítà kò tíì jáde iléèwé girama nígbà tí bàbá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Seoul, kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ yìí síwájú ìwé ìwádìí lórí àrùn iṣan kan, èyí tí òṣìṣẹ́ kan fi ọdún mẹ́ta ṣe. Orúkọ yẹn ló gbé e wọ iléèwé ìṣègùn. Ó ti di dókítà báyìí, apẹja kan láti erékùṣù Wando sì ń ti páálí ẹja gbígbẹ sí i lórí tábìlì.

“Ẹ gbé e kúrò. A kì í gba ẹ̀bùn.”

“Ẹja lásán ni, Dókítà. Ìyàwó mi ní tí mo bá gbé e padà, òun á sá èmi náà sóòrùn.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Da-on, ọmọ apẹja náà, wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Iṣan itan ọmọ náà ti le bí igi.

“Ẹ gbé ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn.”

“Ibo? Gbogbo ibi tá a dé, ẹ̀yin ni wọ́n ń dárúkọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀wé lórí àrùn yìí.”

“Bàbá mi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ lọ bá wọn.”

“Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, pé ọmọ àwọn ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.”

Ìyá Da-on ti ń ká ṣòkòtò ọmọ náà sókè kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ dókítà kò gbéra.

“Èmi kọ́ ni mo ṣe iṣẹ́ yẹn,” ni ó wí. “Bàbá mi ló fi orúkọ mi sí i. A yọ orúkọ ẹni tó ṣe é kúrò. Àrùn yìí, òní ni mo kọ́kọ́ fojú kàn án.”