Páálí Ọta Ìyá Haskett

Verlene Haskett fẹ́ gba páálí ọta ìbọn kan, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni. Ó ti wá sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọta nítorí rẹ̀ ṣáájú, ó sì ti padà lọ́wọ́ òfo. Ní Sátidé yìí ni àkókò ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ máa ṣí, àwọn ọ̀rẹ́ Royce, ọkọ rẹ̀ tó kú ní oṣù kẹrin, sì ti ní àwọn máa pàdé rẹ̀ létí adágún kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí kò bá ti mú páálí yẹn dání, kò sí ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Ìlú kékeré ni ìlú wọn, lápá òkè Kalifóníà, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Òfin wọn ni pé kí oníṣọ́ọ̀bù wo káàdì ẹni tó bá fẹ́ ra ọta, kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, kó sì dúró de èsì. Láti ìgbà tí òfin náà ti dé ni Royce kò ti ra ọta mọ́. Ó ń rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú gáráàjì. Royce kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ohun tó wà nínú ilé òun kò kan ìjọba, ó sì mú kí ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí lórí ibùsùn àìsàn pé orúkọ Haskett kò ní wọ ìwé wọn láé.

Nígbà tó kú, kò sí ẹni tó máa rọ ọta nínú gáráàjì mọ́. Verlene bẹ àwọn kan níṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn kí wọ́n bá òun rọ ọ́. Kò mọ̀ pé òfin náà kan èyí tó bá ti ìta wá, pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa kó o sí, àti pé káàdì náà ni wọ́n máa bèèrè.

Efrén, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà níbẹ̀, rí i tó wọlé, ó mí kanlẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú sí mi. Káàdì nìkan ló kù."

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Èmi mọ̀ yín. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀ yín."

"Ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn."

Teague, àgbẹ̀ kan tó gbé àpò oúnjẹ ajá léjìká lẹ́yìn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Verlene, má fún un o. Tí wọ́n bá mọ orúkọ, wọ́n á mọ ilé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

"Baba Teague," Efrén dá a lóhùn, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò oúnjẹ àárọ̀ yín fún gbogbo ayé lórí fóònù?"

Teague ní ìyẹn yàtọ̀. Efrén gbé páálí náà jáde lábẹ́ káńtà, ó jù ú sílẹ̀ gbà.

"Rọra," ni Verlene wí.

"Kò lè bú, mà."

"Mo ní kó o rọra."

"Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń da ara ẹ láàmú?" Teague bi í. "Wá gbà nínú tèmi ní Sátidé. Ọta ò kúkú yàtọ̀ sí ọta."

"Èyí ni mo fẹ́."

Efrén wò ó dáadáa. Ó rántí bàbá rẹ̀ àgbà, tó dá nìkan wà lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, àti ohun tó fi ìbọn ṣe fún ara rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé báyìí. Mi ò sì rí i kẹ́ ẹ yìnbọn rí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Verlene wo Teague, ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tèmi ni."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni mo máa dá a padà síbi tó ti wá. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa."

"Dá a padà?" Ó di káńtà mú. Ó pẹ́ kó tó ṣí báàgì rẹ̀, kó sì yọ káàdì náà. Bí Efrén ṣe ń tẹ orúkọ Haskett sínú kọ̀ǹpútà, Verlene ń sunkún, ó ń bẹ Royce kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó dárí ji òun.

Efrén gbàdúrà kí ìjọba sọ pé rárá. Ní Fráìdè, wọ́n ní kò séwu. Ó gbé páálí náà fún Verlene, ó ní kó pe òun nígbàkúgbà, ì báà jẹ́ lóru. Verlene fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé páálí náà sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀, ó fi bẹ́líìtì dè é, ó sì rọra wakọ̀ lọ.

Ọkàn Efrén ò balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé ń mọ́ bọ̀, ó wakọ̀ lọ sí adágún. Kò tíì dúró dáadáa nígbà tó gbọ́ ìró ìbọn kan ṣoṣo. Ó fi eré gba inú koríko kọjá, ó ń pariwo orúkọ ìyá náà. Ó bá Verlene lórí ìdúró, ìbọn Royce wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sókè. Àwọn ọ̀rẹ́ Royce ti ṣí fìlà. Kò sí ẹyẹ tó já bọ́. Ohun kan tó rí wínníwínní, tó funfun, ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí omi.

Òjé kọ́ ni àwọn tí Verlene bẹ níṣẹ́ rọ sínú ọta náà. Eérú òkú Royce tí wọ́n sun ni, bó ṣe ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ fún adágún náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi í léèrè orúkọ rẹ̀ mọ́.