Oníbàárà Tí Kò Mọ Bédé Kà

Ọkùnrin náà tún ti dé. Ó gbé alùpùpù pupa rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí mọ́sálásí àdúgbò Koko, ó ṣí akoto, ó nu ojú, ó sì wá tààrà sí ìsọ̀ Àwáàlù. Kí Àwáàlù tó dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Àwáàlù dáhùn, ṣùgbọ́n ara fu ú. Irun orí ọkùnrin náà ti ń ṣí níwájú. Òun Àwáàlù, petit, ìyẹn ọmọdé, ni gbogbo ọjà ṣì ń pè é. Kí ni àgbà ń wá tó fi ń pe ọmọdé ní ẹ̀gbọ́n?

Ìwé àwòrán àwọn akọni ni Àwáàlù ń tà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní bédé. Àwọn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkọ̀ Abidjan dé. Ọkùnrin náà mú èyí tó wà lókè, ìtàn akọni kan tó ń fi àrá jà. Ẹ̀yìn ló ti ṣí i. Ojú ìwé ìkẹyìn ló kọ́kọ́ wò, níbi tí gbogbo àṣírí wà. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn bédé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí èyí?"

Ohun tí Àwáàlù rí sí i gan-an ni pé ayàwòrán náà ti ń ya ọ̀lẹ. Kò mọ ọwọ́ yà, ó kàn ń fi aṣọ ìlékè akọni náà bò ó ni. Ọ̀tá rẹ̀ sì lẹ́jọ́: dípò kó yìnbọn, àlàyé ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Àwáàlù rántí ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Akọni yìí ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Kó tó fò, ó kọ́kọ́ kí i."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Èmi náà, n kì í jáde nílé láì kí ìyá mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e dé ibì kan.

Ìyá Àwáàlù ló ti fi ẹ̀rín dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìyá Sákínátù tí wọ́n jọ ń gbé agbo-ilé, pé ọmọ òun fẹ́ràn ọmọbìnrin rẹ̀. Ìyá Sákínátù náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ìyá Àwáàlù ti ń kìlọ̀ fún un.

"Wọ́n á wádìí rẹ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fọmọ fúnni láì wádìí. O ò ní mọ ẹni tí wọ́n máa rán. Ṣọ́ ẹnu rẹ."

"Ìyá mi, ṣebí agbo-ilé kan náà la ti dàgbà."

"Tórí a jọ ń fa omi nínú kànga kan, wọn ò ní wádìí? Má ya dìndìnrìn."

Ọkùnrin náà pa bédé dé. "Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó ń fò kiri báyìí, ṣé ó lè tọ́jú ìyàwó?"

Àwáàlù ro èsì rẹ̀ dáadáa. "Tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ó lè tọ́jú rẹ̀."

"Iṣẹ́ ṣe kókó, lóòótọ́," ọkùnrin náà yára fèsì. "Ẹja lèmi ń kó láti Béoumi. Ọjà ń tà, a dúpẹ́."

Àwáàlù fa imú. Kò gbọ́ òórùn ẹja kankan. Lọ́fínńdà ló gbọ́. Irọ́ lọkùnrin yìí ń pa, ó rò ó nínú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Sákínátù yà sí ìsọ̀ náà bó ti máa ń ṣe. Ó ka bédé tuntun náà tán lórí ìdúró.

"Ẹ̀gbọ́n, akọni yìí mà gọ̀ o! Ó ń gba odindi ìlú là, kò lè la ẹnu sọ fún ọmọbìnrin kan pé òun fẹ́ ẹ. Ó ń dúró kí ẹlòmíràn gbé e lọ."

Àwáàlù rẹ́rìn-ín, ó ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Sákínátù kò gbójú sókè. "Ọkùnrin kan ń wá síbí, àbí? Tó ń gun alùpùpù pupa. Báwo lẹ ṣe rí i?"

Àwáàlù gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Sákínátù mọ ọkùnrin náà nìyẹn. Ará ilé wọn ni wọ́n rán wá wádìí òun. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé ẹnì kan yin òun kò ní sọ̀rọ̀ ẹni náà láìdáa.

"Èèyàn gidi ni," ó ní. "Ó lẹ́kọ̀ọ́, ó mọyì ìyá rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n."

"Ẹ má tàn mí o."

"Wàláì, n ò tàn ẹ́."

Sákínátù gbé bédé náà mọ́ àyà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọkùnrin náà dé nínú aṣọ funfun báláú, ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan lọ́wọ́. Kò wo bédé kankan. Àwáàlù nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ṣé wọ́n ti gbà?"

"Wọ́n ti gbà, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín gba ojú Àwáàlù kan. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ṣáájú rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní, "Bàbá Sákínátù ní nígbà tí òun ò bí ọkùnrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún Sákínátù lòun fi wádìí mi, ohun tẹ́ ẹ sì sọ fún un lòun tẹ̀ lé tóun fi fọmọ fún mi, ẹ ṣeun, àna mi," ó dìde, ó ti agbọ̀n ẹja náà sẹ́sẹ̀ Àwáàlù, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ.