Okùn Ẹsẹ̀ Adìẹ Àtinúkẹ́

Keziah, ìyá Moses, ìyàwó Olúgbóyèga akọ̀wé rélùwéè ní Àpáta, kì í ṣe ìkà ènìyàn. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹni tó lágbára jù bá ń fìyà jẹ ẹni tó kéré, ẹ̀rín ni í máa ń pa á. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

Ó ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Aláṣẹ wọn ni àgbébọ̀ dúdú kan tí Keziah fúnra rẹ̀ sọ ní Ìyálé. Bí wọ́n bá da ọkà sílẹ̀, Ìyálé ní í kọ́kọ́ jẹ. Èyí tó bá ṣojú kòkòrò, Ìyálé a fi ẹnu ṣá a lórí, Keziah a sì máa yìn ín.

Lọ́dún 1979, Olúkọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, gbé Àtinúkẹ́ níyàwó, tọkọtìyàwó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àtinúkẹ́ mú àgbébọ̀ pupa kan wá, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un pé kó fi bẹ̀rẹ̀ ilé.

Keziah ní kí wọ́n so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ èèkàn, bí a ti máa ń so adìẹ tuntun kó lè mọ ilé. Àmọ́ adìẹ tí wọ́n so kò lè sá. Kó tó di ọ̀sán, Ìyálé ti fi ẹnu ṣá a títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Moses, ẹ jẹ́ kí n tú u," Àtinúkẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Keziah rẹ́rìn-ín. "Adìẹ tó dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Èmi náà dúró bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ìyálé tèmi, mi ò kú."

Hàbíbátù, ará Ìlọrin tó ń gbé nílé kejì, gbọ́ wọn láti ojú ọgbà. "Haba, Ìyá Moses. Ẹ dé tuntun yẹn mọ́ inú agò, kí wọ́n máa wo ara wọn títí ojú wọn á fi mọra. Bí adìẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣíwọ́ mọ́."

"Àláájà, adìẹ mà ni, kì í ṣe ọmọ."

Ló bá ní kí Àtinúkẹ́ gbé báàgì òun, kó tẹ̀lé òun lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó tuntun ni, kò lè kọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, gbogbo agbo ti dara pọ̀ mọ́ Ìyálé. Adìẹ pupa ti kú, okùn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àtinúkẹ́ tú okùn náà, ó lọ sin adìẹ rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi kó kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ sí ìlú Gyel.

Àwọn adìẹ kò gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́. Lọ́jọ́ tí àfọ́kù ìgò gé Ìyálé lẹ́sẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n sì pa á. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé wà lájà fún ìyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó na ìyàwó ló padà na ìyálé.

Keziah lè gbé ìyẹn mì. Èyí tí kò lè gbé mì ni pé ẹnu Hàbíbátù ló ti gbọ́ pé Àtinúkẹ́ ti bímọ. Òun tó yẹ kó wẹ ọmọ ni wọn kò ránṣẹ́ sí. Ó ra ọṣẹ, ó wá àdí, ó gba Gyel lọ. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Obìnrin àdúgbò kan ń wẹ ọmọ náà lọ́wọ́.

"Jẹ́ kí n bá ọ wẹ̀ ẹ́," Keziah wí.

"Ẹ ṣeun, mà. Wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ máa jókòó."

Ó jókòó títí wọ́n fi wẹ ọmọ tán, wọ́n wọṣọ fún un, wọ́n sì gbé e wọ yàrá. Kò sẹ́ni tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dùn ún dọ́kàn.

Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ fi èyí ṣàríkọ́gbọ́n. Adìẹ kò ní làákàyè, a kò lè dá a lẹ́jọ́ pé ó ń jẹ gàba. Ẹni tó so okùn ni ẹjọ́ kàn. Pé wọ́n fìyà jẹ wá rí kò sọ ìyà di ẹ̀kọ́. Bí alágbára bá ń ṣe àlejò léṣe, ká tètè là wọ́n, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó rí ẹbọ rẹ̀ ṣe.